Sítọ́ọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 9: bí a ṣe tú u, tí a kan pẹpẹ sí i, tí a sì to ẹrù padà

Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni sítọ́ọ̀ yìí wà, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta kan n'Ìbàdàn. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó gùn tó 9. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ tó 30 íǹṣì, inú ló sì ń ṣí sí. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2 wà ní ìpẹ̀kun kejì, àmọ́ ẹrù ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó rántí pé fèrèsé wà níbẹ̀. Ìdajì ni ilẹ̀kùn ń ṣí kó tó kọ lu àpò ìrẹsì. Wọ́n ti ra ìrẹsì tuntun nígbà tí odidi àpò kan ṣì wà lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ká sí kọ̀rọ̀.

Ẹrù inú rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ilẹ̀ ni ìṣòro irú sítọ́ọ̀ báyìí. Gbogbo nǹkan ló jókòó sílẹ̀, ọ̀kan gun orí èkejì, ìgbálẹ̀ kò rọ́nà kọjá, ibi tí ìgbálẹ̀ ò sì lè dé, eku àti aáyán ti fi ṣe ilé. Nítorí náà òfin kan la mú mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: nǹkan kan kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀, nǹkan kan kò sì gbọdọ̀ fara kan ògiri. Íǹṣì 6 sókè láti ilẹ̀, íǹṣì 2 sí ògiri. Ẹni tó bá ka gbogbo ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ yìí á rí i pé inú òfin yẹn ni wọ́n ti wá.

Oṣù Kìíní la ṣe é, nígbà ọyẹ́. Kò dára kí èèyàn tú sítọ́ọ̀ lásìkò òjò. Ẹrù kò ní ríbi sùn, ògiri kò ní gbẹ, páákó á sì fa omi mọ́ra kó tó di pé a kàn án.

Ọjọ́ kìíní: kíkó ẹrù jáde

A ṣílẹ̀kùn, a sì ti ìta ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, nítorí ìgbẹ́ eku. Ó wà lẹ́yìn àwọn àpò, ó wà lórí páálí, ó wà nínú mátírẹ́ẹ̀sì. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a láéláé. Eruku rẹ̀ á gbéra, a ó sì fà á símú. Eku kan wà tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis, eku ọlọ́mú púpọ̀, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ibà Lassa ti ń ran èèyàn. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà náà mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Bornó ti òní, ṣùgbọ́n Oǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù lọ báyìí, ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀ sì máa ń le. Kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ eku tó ní in.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. A fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ ọwọ́, a fi ìbòmú bo imú. Ìwọ̀n jíìkì 1 sí omi 9 la pò, a wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ náà kó rin gbingbin, a dúró fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà la fi àkísà kó o sínú ọ̀rá méjì tí a dì pọ̀. Jíìkì nìkan ni o. Tí ẹnikẹ́ni bá da òògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn, èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn nínú yàrá tó há bẹ́ẹ̀.

Tàpólì méjì la tẹ́ sẹ́yìnkùlé, a fi okùn pín in sọ́nà mẹ́rin: ohun tó ń padà wọlé, ohun tí a ó fi tọrẹ, ti àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ǹmù, àti ti ààtàn. Kò sí apá karùn-ún. Òkìtì tí wọ́n ń pè ní “ẹ jẹ́ ká ṣì gbé e síbẹ̀ ná” ló ń mú kí sítọ́ọ̀ tún rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ike ló gba àkókò jù. Ilé Yorùbá wo ni kò sí ike òde àríyá? Abọ́, tíréè, ife, kúlà kékeré, báàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé àti ọjọ́ ìsìnkú sí. Lára rẹ̀ náà ni ike áísìkíìmù tí wọ́n ti sọ di ike ẹ̀gúsí àti ata. A kó ìdérí gbogbo sójú kan, a kó abọ́ sójú kejì, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n so pọ̀. Abọ́ 41 ló wà, 19 péré ló rí ìdérí rẹ̀. Abọ́ tí kò ní ìdérí kò wúlò ní sítọ́ọ̀ oúnjẹ, ó lọ síbi ìtọrẹ. Ìdérí tí kò ní abọ́ lọ sí ààtàn. Níbi ti ìsìnkú, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀wọ̀. Ọmọ olóògbé lè dé lọ́la kó bèèrè, ó sì máa ń dun èèyàn láti ju orúkọ ìyá rẹ̀ nù. Ohun tí a ṣe ni pé a mú ẹyọ kan fún òkú kọ̀ọ̀kan, a fi sí ìlò ní ilé ìdáná, a fi ìyókù tọrẹ. Ohun ìrántí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sàn ju mẹ́wàá tí eku ń tọ̀ sí.

Báàgì Ghana-must-go 11 ló jáde. Orúkọ yẹn ti wà láti 1983 tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà lọ, báàgì náà kò sì kúrò ní ilé wa láti ìgbà náà. Ó dára fún ìrìn àjò. Fún ìkẹ́rù, kò dára, nítorí a kì í rí ohun tó wà nínú rẹ̀, a ò lè to ọ̀kan lé èkejì láìwó, eyín eku sì rọrùn fún láti já a. Aṣọ ló wà nínú 7 lára wọn: aṣọ òkè, léèsì, aṣọ ẹbí, aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Aṣọ kì í bá oúnjẹ gbé yàrá. Ẹ̀rọ ìgbàlódé kò lè bọ́ òórùn ẹja gbígbẹ kúrò lára aṣọ òkè. A sá wọn sábẹ́ ibòji níbi afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, a tún wọn ká sí ibi tí kì í ṣe ojú ìlà tó ti ká tẹ́lẹ̀ (ojú ìlà àtijọ́ ni òwú ti máa ń já), a sì kó wọn sínú pọ̀tìmáńtò ní yàrá ìbùsùn.

Káńfọ̀ kún inú báàgì kan tó jẹ́ ti aṣọ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn naphthalene tó wà nínú káńfọ̀ símú, tàbí tí aṣọ tó ti gba òórùn náà bá kan ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ojú á pọ́n rakọrakọ bí ìyeyè, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ká má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ rárá. Ká fọ̀ ọ́, ká sá a kó gbẹ táútáú, ká fi sínú ike tó ní ìdérí, ó parí.

Ohun tó tún jáde tí kò gbọ́dọ̀ padà: gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù ti jẹnẹrétọ̀, kẹrosíìnì, ìdajì gálọ́ọ̀nù kun, ìgò oògùn apakòkòrò 3, bátìrì ínfátà àtijọ́ kan tó ti ń jò. Gàrí àti èlùbọ́ máa ń fa òórùn mọ́ra bí òwú ṣe ń fa omi, ẹnu èèyàn á sì gbọ́ kẹrosíìnì nínú ẹ̀bà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àpótí onírin kan lẹ́yìn ilé la kó wọn sí, ó ní kọ́kọ́rọ́. Bátìrì náà, àwọn tó ń ra bátìrì la tà á fún lódidi. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì da omi inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì: ògiri, ihò àti ilẹ̀kùn

Nígbà tí yàrá ṣófo la tó rí i pé ògiri apá òsì tutù dé íǹṣì 18 láti ilẹ̀, iyọ̀ funfun sì ti hù lára rẹ̀. Kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi ti ń wá. A gé ọ̀rá tó mọ́ gara ní íǹṣì 12 sí 12, a fi téèpù lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Tí omi bá wà ní ẹ̀yìn ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá. Tó bá wà lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá ló tutù, fèrèsé nìkan ló sì máa wò ó sàn. Ẹ̀yìn ló wà. A yíká síta, a bá ẹ̀rọ omi kan tó ń ro tó! tó! sídìí ògiri náà gan-an. Wáṣà tuntun ló gbà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má kun ògiri tó tutù ní ọ́ìlì pẹ́ńtì. Omi inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde, kun á bó bí awọ ejò. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha iyọ̀ náà kúrò, a fi ògiri sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó gbẹ, a wá fi ẹfun ìkunlé kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ihò eku: a tan tọ́ọ̀ṣì, a fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìdí ògiri. Ipa ọ̀nà eku máa ń dúdú, ó máa ń dán, nítorí ọ̀rá ara rẹ̀ tó ń nù sí i. Ẹ tẹ̀lé ìlà dúdú yẹn, ẹ ó débi ihò. Mẹ́ta la rí: ọ̀kan níbi páìpù, ọ̀kan lábẹ́ férémù ilẹ̀kùn, ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ àjà. Ihò tí bírò lè wọ̀ ti tó ọmọ eku láti gbà kọjá, ẹ má fojú di í. Tí a bá fi bébà, fóòmù tàbí sìmẹ́ǹtì nìkan dí i, á tún un gbẹ́. Wáyà ìfọkòkò la kọ́kọ́ kì sínú ihò kó le, a wá fi sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 3 dí i. Fèrèsé gba nẹ́ẹ̀tì onírin.

Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú gba 30 íǹṣì lára ògiri òsì fún òun nìkan. A tú híńjì, a yí i padà kó máa ṣí síta. Láìfi páákó kan kún un, a ti jèrè ààyè àpò ìrẹsì méjì.

Páákó

Bí ẹnikẹ́ni bá ní káfíńtà tó mọṣẹ́, kó mú un dání lọ sọ́jà páákó, torí ojú ni wọ́n fi ń ra igi. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, owó rẹ̀ kì í wọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ kòkòrò ni. Ìrókò kì í jẹ́ kí ikán sún mọ́ òun, owó rẹ̀ ló pọ̀ jù fún sítọ́ọ̀. Àfàrà wà láàárín, òun la mú. Ẹ tẹ páákó síta, ẹ wo gígùn rẹ̀ láti orí kan bí ẹni ń wo ìbọn. Èyí tó bá ti wọ́, ẹ fi sílẹ̀, ìṣó kò ní tọ́ ọ sọ́nà.

Ohun tí a rà:

1x12, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 12: 5
2x3, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 12: 9
ìṣó 3-íǹṣì: kílò 1, ìṣó 2-íǹṣì: ìdajì kílò
búlọ́ọ̀kù 6-íǹṣì: 4
irin onígun L tí apá rẹ̀ gùn tó íǹṣì 4: 3, pẹ̀lú físà 8 mílímítà (ike tí wọ́n ń kì sínú ihò ògiri kí ìdè lè dì í mú) àti ìdè rẹ̀

Orúkọ páákó kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Páákó tí wọ́n ń pè ní 1x12 yìí nípọn tó mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ó sì fẹ̀ ní 11. 2x3 jẹ́ 1¾ sí 2¾. Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn ohun tó wà lọ́wọ́ kí ayùn tó kàn án. Ẹni tó bá fi 12 tó gbọ́ lọ́jà ṣe ìṣirò á rí i pé íǹṣì kan gbáko ṣófo lẹ́yìn pẹpẹ rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan kékeré á sì máa bọ́ sí.

Pẹpẹ apá ọ̀tún gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ó kù 1 sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè wọlé. Àkàbà 5, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì méjì tí ọ̀pá ìdábùú so pọ̀, ló gbé e dúró, ẹsẹ̀ bàtà 2 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìyẹn kì í ṣe àṣejù. Gálọ́ọ̀nù epo pupa oní-25-lítà wúwo tó kílò 23, méjì ló sì ń wọ àlàfo kan. Lórí ẹsẹ̀ bàtà 2, páákó náà á gbé e láìmira. Tí a bá fi àkàbà sí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 láti fi dín owó kù, kí ọdún tó yí, àárín páákó á ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹṣin.

Ẹsẹ̀ àkàbà kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kí 2x3 kan lè di ẹsẹ̀ méjì láìṣẹ́kù. Ẹsẹ̀ 10, 2x3 márùn-ún. Ọ̀pá ìdábùú gùn ní íǹṣì 17, ìyẹn 11½ fún páákó àti ààyè díẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó há, àti 2¾ lọ́nà méjì fún ẹsẹ̀. 2x3 kan ń bí 8. A nílò 26, nítorí náà mẹ́ta kò tó, ẹ̀kẹrin ló pé e. Ìdí tó fi jẹ́ 26 dípò 25 ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Páákó 1x12 mẹ́rin ló ṣe ilé márààrún pẹpẹ náà. Tí a bá rẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 kúrò lára kọ̀ọ̀kan, 4 á ṣẹ́kù. Ìyẹn fún wa ní ilé mẹ́rin tó gùn gbọọrọ, ègé méjì oní-4 tó so pọ̀ di ilé karùn-ún, ègé méjì sì kù sílẹ̀. Páákó karùn-ún, a rẹ́ ẹ sí méjì oní-6 fún ìtẹ́ àpò ní apá òsì.

A fa oògùn ikán sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àkàbà, íǹṣì 6 péré, níta gbangba, a sá a fún ọjọ́ mẹ́ta títí òórùn fi lọ. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò kùn ún. Ó ń lé ikán lóòótọ́, àmọ́ fún ibi tí gàrí ń gbé, a ò fara mọ́ ọn.

Kíkàn

Kọ́kọ́ kan àkàbà márààrún nílẹ̀ tó tẹ́jú. Tẹ ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ kí apá tó fẹ̀ wà lókè, fi ègé páákó 1x12 sí àárín wọn bí ìwọ̀n, fi ààyè díẹ̀ kún un kó má há, kó o wá kan ọ̀pá ìdábùú lé wọn lórí. Ìṣó 3-íǹṣì méjì ní orí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má wà lójú ìlà kan, kí igi má báa là. Òkè ọ̀pá ìdábùú ni kí ẹ wọ̀n láti ilẹ̀: íǹṣì 6, 28, 46, 59, 72. Àlàfo àkọ́kọ́ wà fún gálọ́ọ̀nù oní-25-lítà àti ọwọ́ tó máa fà á jáde. Èkejì wà fún báàkẹ́ẹ̀tì oní-20-lítà. Méjì tó tẹ̀ lé e, ike àti agolo. Òkè pátápátá, ìkòkò òde.

Ilé òkè ló ní ìsopọ̀, torí ẹrù ibẹ̀ fúyẹ́ jù. Àkàbà àárín ni ègé méjèèjì ti pàdé, ọ̀pá ìdábùú kan kò sì fẹ̀ tó láti gbé orí páákó méjì. Nítorí náà a kan ọ̀pá kejì sí ojú kejì àkàbà náà níbẹ̀, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó tirẹ̀. Òun ni ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀: wọ́n á to àkàbà mọ́ ògiri tán, wọ́n á wá fẹ́ ki páákó bọ̀ ọ́. Kò ní wọlé. Páákó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, àlàfo iwájú jẹ́ 2, yàrá fúnra rẹ̀ kò sì ju 9 lọ. Bí wọ́n ṣe ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ni kí a ṣe é. Èèyàn méjì á gbé páákó ìsàlẹ̀ àti ti àárín dúró, ẹnì kẹta á máa ti àkàbà bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí kan, ẹsẹ̀ bàtà 1 tó ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì tó fún un láti gbà wọlé. Páákó kejì àti ìkẹrin á tẹ̀ lé e bákan náà kí ìṣó kankan tó wọlé. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ fi rọ́bà omi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tẹ́jú, ẹ wá kan páákó mọ́ ọ̀pá ìdábùú pẹ̀lú ìṣó 2-íǹṣì méjì méjì. Àkàbà àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn ni a fi irin L so mọ́ ògiri lókè, kí ọmọdé tó bá gun ún má wó o lé ara rẹ̀. Ẹ fi dírìlì lu ògiri fún físà. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì máa ń fọ́ yánnayànna tí a bá lu ìṣó mọ́ ọn.

Apá òsì kò gba ọgbọ́n púpọ̀. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin dùbúlẹ̀, gíga wọn di íǹṣì 6, a pín wọn sí abẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6. Ọ̀rá nínípọn wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti páákó, kí òtútù ilẹ̀ má gun igi. Páákó méjì tẹ́ lé wọn, fífẹ̀ 22 íǹṣì, àpò ìrẹsì oní-50-kílò sì jókòó lórí rẹ̀ dáadáa. Tí ikán bá fẹ́ gòkè, ó di dandan kó mọ ilé erùpẹ̀ rẹ̀ gba ara búlọ́ọ̀kù, ojú á sì rí i. Ọ̀nà àárín kù ní nǹkan bí íǹṣì 29, ó tó èèyàn láti tẹ̀ ba gbé àpò.

Ègé méjì oní-4 tó ṣẹ́kù la fi ṣe ìtẹ́ iṣu lábẹ́ fèrèsé. A rẹ́ wọn sí tẹ́ẹ́rẹ́, a fi àlàfo íǹṣì kan sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ máa gbà á.

Títo ẹrù padà

Ẹ̀wà ló le jù nínú oúnjẹ sítọ́ọ̀, òun náà ló sì yẹ ká dá dúró lé lórí. Ẹ mú ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ gbé e síta oòrùn, ẹ wò ó kínníkínní. Tí àmì funfun tín-ín-tín bí orí abẹ́rẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹyin kòkòrò ẹ̀wà nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ á lu wọ inú, á jẹun níbẹ̀, á dàgbà, á wá gba ihò roboto kan jáde. Ìgbà tí a bá rí ihò, ìran kan ti jáde lọ ná. Ìdí nìyẹn tí yíyọ kòkòrò lásán kò fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó wà nínú ẹyọ kò jáde.

Afẹ́fẹ́ ni kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù oní-25-lítà tó mọ́, tó gbẹ, máa ń gba bí 20 kílò ẹ̀wà. Ẹ dà á kún dé ẹnu, ẹ máa mì í kó jókòó, kí àlàfo má sí lókè, ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú àpò PICS tí Yunifásítì Purdue ṣe fún ẹ̀wà ilẹ̀ Áfíríkà: ọ̀rá méjì nínú, àpò kan níta, kọ̀ọ̀kan sì ní ìdì tirẹ̀. Ẹ̀wà tí a bá ti dé, ẹ má ṣe máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ tuntun ni ẹ̀mí kòkòrò. Kékeré tí a ó máa sè lọ, kí ó wà nínú ike ọ̀tọ̀.

Kó gbẹ ni o. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ gbígbẹ àti ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú ẹ̀wà, ẹ padà sá a. Ẹ̀wà tútù tí a dé pinpin á bu.

Oògùn apakòkòrò kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀wà. Dichlorvos tí àwọn kan ń wọ́n sí i kì í ṣe oògùn oúnjẹ, ó sì ti pa odidi ìdílé rí. Ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà.

Ìyókù yá. Gàrí àti èlùbọ́ wọ báàkẹ́ẹ̀tì oní-20-lítà tó ní ìdérí, lẹ́yìn tí a sá èlùbọ́ lóòrùn tí a sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Iṣu tò ní ìpele kan ṣoṣo, kí ẹ máa ká ẹ̀hù rẹ̀ tó bá hù, torí ẹ̀hù ló ń mú iṣu rọ. Àlùbọ́sà sọ̀ sórí ìṣó nínú nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Epo pupa sí ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo, kó má baà jò sórí nǹkan mìíràn. Ohun tí ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́ wà láàárín àyà àti ojú. Ìkòkò òde àti kúlà ńlá wà lókè pátápátá, a sì lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n á máa kọ orúkọ ẹni tó bá yá ọ̀kan sí, pẹ̀lú ọjọ́. Ìkòkò àríyá ló ń rìnrìn àjò jù nínú ilé Yorùbá, ẹnu kì í sì rántí ibi tó lọ.

Téèpù oníbébà àti bírò tí omi kì í pa ni a fi kọ ọjọ́ tí a ra nǹkan sí iwájú rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé wà níwájú, tuntun wà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

A padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ògiri òsì ti gbẹ dé ilẹ̀. Kò sí ìgbẹ́ eku tuntun. Àmọ́ lábẹ́ ilé kẹta pẹpẹ, ìyẹ̀fun bí àtíkè wà lórí ìdérí ike, ihò kékeré méjì sì wà lára páákó tó wà lókè rẹ̀. Àwọ̀ páákó yẹn mọ́lẹ̀ ju ti ìyókù lọ, ó sì fúyẹ́ nígbà tí a gbé e, ṣùgbọ́n a kò bi ara wa léèrè. Arère ni, ó ti bá àfàrà wọ inú ẹrù ní ọjà. Ẹ máa gbé páákó kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó, èyí tó bá fúyẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà.

Nítorí pé páákó náà kò lè fà jáde lódidi mọ́, a tú ìṣó rẹ̀, a fi ayùn rẹ́ ẹ sí márùn-ún ní àárín àlàfo kọ̀ọ̀kan, a fa ègé rẹ̀ jáde, a sì sun ún lọ́jọ́ náà. Àfàrà tuntun tí a rà, ègé mẹ́rin la rẹ́ ẹ sí kó lè gba iwájú wọlé, ìyẹn sì gba ọ̀pá ìdábùú kejì lára àkàbà mẹ́ta àárín ní ilé yẹn. Ègé 2x3 tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí a kọ́kọ́ kan pẹpẹ tó o.